Àmì Orí Ẹkùn

Ọdún tí ìwé bàbá mi jáde ni ọdún tí mo kọ́kọ́ mọ̀ pé àgbàlagbà lè máa bẹ̀rù ìyá rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí n tó dé ibẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ bí ilé wa ṣe máa ń dún, nítorí tí mo bá di ojú báyìí, etí mi ló ń kọ́kọ́ dé Ìkẹ́rẹ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, ìgbálẹ̀ ni ẹ óò gbọ́. Èmi nìyẹn, mò ń gbá àgbàlá láti ìdí igi ìbẹ́pẹ dé ẹnu kànga, mò ń ráhùn lábẹ́ ahọ́n nítorí pé àwọn adìẹ ń tú ibi tí mo gbá tán ká. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá mi á bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, á sáré díẹ̀, á dúró, á tún sáré. Tó bá di ọ̀sán, odó á gba gbogbo ilé. Kò sí ọjọ́ tí a kì í gún iyán. Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, gbà pé ẹni tó jẹ nǹkan mìíràn lọ́sàn-án kàn fi ẹnu ṣeré ni. Èmi àti ìyá mi á dojú kọ ara wa, ọmọ odó kan lọ́wọ́ mi, ọ̀kan lọ́wọ́ rẹ̀, àpáta tó wà lẹ́yìn ilé á sì máa dá ìró rẹ̀ padà fún wa. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo rò pé àwọn kan wà nínú àpáta náà tí wọ́n ń gún iyán tiwọn, mo sì máa ń rò ó pé irú ọbẹ̀ wo ni wọ́n ń sè.

Tíṣà ni bàbá mi, bẹ́ẹ̀ sì ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Èdè Yorùbá ló ń kọ́ wọn nílé ẹ̀kọ́, ohun tó ń kọ́ wọn náà ló sì ń sọ nílé. Nígbà tí gbogbo wa ń sọ pé ulé, pé uṣu, pé ugbó, bí àwọn ará Ìkẹ́rẹ́ ṣe ń sọ ọ́, ilé, iṣu àti igbó ló máa ń ti ẹnu rẹ̀ jáde, ní mímọ́ tónítóní bíi ṣòkòtò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀. Ohun kan wà láàárín òun àti Ìyá Àgbà tí mo rò pé bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní gbogbo ilé. Wọn kì í bá ara wọn sọ̀rọ̀ tààrà. Wọn kò jà. Ìyá Àgbà á jókòó sórí ẹní, bàbá mi á jókòó sórí àga, a lè na ọwọ́ láti ara ọ̀kan kan èkejì. Ìyá Àgbà á ní, “Àjọkẹ́, bi bàbá rẹ bóyá uṣu ti tán ní àká.” Tọ́pẹ́ lorúkọ mi, ṣùgbọ́n oríkì ló fi ń pè mí. Bàbá mi á dá èmi lóhùn pé, “Sọ fún Màmá pé ó ku díẹ̀.” Èmi náà á wá yí ojú sí Ìyá Àgbà, màá ní bàbá mi ní ó ku díẹ̀. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó rẹ́rìn-ín sí i. Inú mi tiẹ̀ máa ń dùn, mo rò pé oyè ni wọ́n fi mí jẹ.

Ìyá mi ló sọ ìdí rẹ̀ fún mi, ọjọ́ kan tí mò ń bá a tú òwú lára aṣọ tó rán ṣì. Ó ní bàbá mi ní ẹ̀gbọ́n kan, Jídé. Nígbà tí bàbá mi kò tíì dàgbà jù mí lọ, àwọn méjèèjì lọ sí oko kòkó ní ọ̀nà Ìsẹ̀, ẹkùn sì yọ sí wọn. Bàbá mi nìkan ló délé. Fìlà Jídé àti àdá rẹ̀ ni àwọn ọdẹ rí mú bọ̀. Láti ọjọ́ náà, Ìyá Àgbà kò bi bàbá mi léèrè rí pé báwo ló ṣe ṣẹlẹ̀, kò sì sunkún lójú ẹnikẹ́ni. Bàbá mi náà kò sọ ọ́ fún un. “Ó gbà pé ìyá òun ń bi òun nínú ọkàn pé kí ló dé tí òun fi sá tí òun fi ẹ̀gbọ́n òun sílẹ̀,” ìyá mi wí. Ó fi eyín já òwú náà. “Ìdí tó fi ń kọ ìwé ẹkùn yẹn nìyẹn. Ó fẹ́ kí ìyá rẹ̀ gbọ́ ọ, ẹnu rẹ̀ kò sì gbà á.” Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti mọ̀ pé iṣẹ́ tí wọ́n ń rán mi láàárín ara wọn kì í ṣe oyè, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo lẹ́nu mi.

Ọdún pọ̀ tí bàbá mi fi kọ ìwé náà, ṣùgbọ́n ọdún tí mò ń sọ yìí ló parí rẹ̀. Tó bá ti ilé ẹ̀kọ́ dé, tó bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, tó jẹun, á gbé àga lọ sí ìdí igi ìbẹ́pẹ, á gbé pákó lé itan, á máa kọ. Ìyá mi á ní kí n rọra gbé korobá, torí pé ẹkùn wà lẹ́nu iṣẹ́. Kò pẹ́ tí ìròyìn náà fi kúrò nílé wa. Wọ́n gbọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n gbọ́ nílé ẹ̀kọ́, àwọn ọlọ́kadà tó wà ní oríta á máa bi mí tí mo bá ń kọjá pé, “Ọmọ Tíṣà, èèyàn mélòó ni ẹkùn ti pa báyìí?” Orúkọ ìwé náà ni Ẹkùn Ẹ̀yìn Àpáta. Bàbá mi ṣèlérí fún gbogbo wọn pé ẹni tó bá kà á yóò fi ọwọ́ di àyà mú, kò sì ní lè dá lọ sí ẹ̀yìnkùlé fún ìgbà díẹ̀. Gbogbo àdúgbò wá ń retí ẹ̀rù náà bí ẹni ń retí ọdún Kérésì.

Ibi tí nǹkan ti wọ́ ni àmì ohùn. Bàbá mi tó ń kọ́ wa ní dò-re-mí, tó ń sọ pé ọ̀rọ̀ tí kò ní àmì dà bí ọmọ tí kò wọṣọ, òun náà ni kò fi àmì kankan sí ẹkùn nínú ìwé tó fi ọwọ́ kọ. Ó ti kọ ọ̀rọ̀ náà títí ó fi sú u. Ó ní ta ni ọmọ Yorùbá tí yóò rí “ẹkun” nínú ìtàn ọdẹ tí kò ní mọ̀ pé ẹranko ni. Ọmọbìnrin tó ń bá wọn tẹ̀wé ní Adó, níbi tí bàbá mi gbé e lọ, ni kò mọ̀. Ó ka ojú ìwé àkọ́kọ́, ó rí i pé ọmọ ìyá arúgbó kan ti wọ igbó tí kò bọ̀, ó rí i pé ìyá náà jókòó sílẹ̀ kò fẹ́ bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, ó sì dá a lójú pé ọ̀rọ̀ ọ̀fọ̀ nìyí. Ó wá fi àmì òkè sí gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: ẹkún, ẹkún, ẹkún. Nígbà tí páálí ìwé dé, tí bàbá mi tú okùn rẹ̀ lójú gbogbo wa, ohun tó wà gàdàgbà níwájú ìwé ni ẸKÚN Ẹ̀YÌN ÀPÁTA. Àwòrán ẹranko kan wà lábẹ́ rẹ̀ tó ní àmì tótòtó lára. Ayàwòrán náà kò rí ẹkùn rí láyé rẹ̀, ajá ilé rẹ̀ ló wò yà á, ó wá fi tótòtó sí i. Ajá náà ń rẹ́rìn-ín. Bàbá mi mú ẹyọ kan jáde, ó ṣí i, ó tún mú òmíràn, bóyá ìyẹn á yàtọ̀. Ìyá mi ní, “Bàbá Tọ́pẹ́, ẹni tó bá gbọ́n á mọ ohun tí ẹ ní lọ́kàn.” Ó tún mú ẹ̀kẹta.

Àwọn ìyá ṣọ́ọ̀ṣì ló kọ́kọ́ rà á, wọ́n rò pé ìwé ìtùnú ni. Ọ̀kan nínú wọn dá tirẹ̀ padà, ó ní òun wá ẹsẹ Bíbélì nínú rẹ̀ títí, òun kò rí ẹyọ kan. Ṣùgbọ́n ẹni tó fọ́ bàbá mi lọ́kàn gan-an ni Bàbá Ọlọ́pàá, ọlọ́pàá tó ti fẹ̀yìn tì, tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwa. Ó fẹ́ràn ìwé tó bá ní ìbọn àti ẹ̀jẹ̀ nínú, òun ló sì ti ń yọ bàbá mi lẹ́nu jù pé nígbà wo ni ẹkùn máa jáde. Ó wọlé sí wa ní ìrọ̀lẹ́, ìka rẹ̀ ṣì wà láàárín ìwé.

“Tíṣà, ti àmì kò dùn mí,” ó wí. “Mo ń fi ojú ara mi tún un ṣe bí mo ṣe ń kà á lọ. Ẹkùn fúnra rẹ̀ ni mo ń wá.”

“Ṣé ẹ ti kà á dópin, sà?” bàbá mi bi í.

“Mo kà á dópin. Gbogbo ìgbà tí ẹkùn bá ti fẹ́ yọjú, ilẹ̀ á mọ́. Koríko ń mì, ọdẹ ti gbé ìbọn, èmi náà ti ká ẹsẹ̀ sórí àga. Mo ṣí ojú ìwé kejì, ilẹ̀ ti mọ́, wọ́n ń gún iyán. Ẹkùn ni mo rà lọ́wọ́ rẹ, Tíṣà, iyán lo bù fún mi.”

Ìyá mi kò lè gbà á mọ́ra. Ó ní, “Yíyọ́ ẹkùn, tojo kọ́, Bàbá.”

“Mo mọ̀, ìyàwó wa. Ṣùgbọ́n èyí yọ́ títí ìwé fi tán, kò jẹ nǹkan kan.”

Bàbá mi ní kí wọ́n má bínú. Bàbá Ọlọ́pàá kì í ṣe ènìyàn burúkú, ó rí ojú rẹ̀, ó ní ti iyán náà dùn o, òun kò parọ́. Ìyẹn ló wá burú jù. Nílé ẹ̀kọ́, àwọn ọmọ kíláàsì mi á máa nu ojú tí mo bá ń bọ̀, wọ́n á ní ẹkún ẹ̀yìn àpáta ń pa àwọn, kí n bá àwọn sun ún.

Mo ti ka ìwé náà lọ́pọ̀ ìgbà láti ìgbà náà. Ìwé tó yẹ kó já ni láyà ni, kò sì já ẹnikẹ́ni láyà, kí n má parọ́ nítorí pé bàbá mi ló kọ ọ́. Ohun tí n kò mọ̀ nígbà náà ni mo mọ̀ báyìí. Tí ọwọ́ ọkùnrin yẹn bá ti dé ibi ẹranko náà, ó ń padà. Bàbá Ọlọ́pàá fẹ́ kí ẹkùn fò jáde nítorí pé kò tíì fò jáde sí i rí. Bàbá mi ti rí i, kò sì lè fi ṣe eré fún ẹni tó kásẹ̀ sórí àga. Àánú rẹ̀ ń ṣe mí tí mo bá dé àwọn ibi iyán wọ̀nyẹn. Ṣùgbọ́n lọ́dún náà, ohun tí mo rí kò ju pé ó kó gbogbo ìyókù ìwé sínú páálí, ó tì í sábẹ́ tábìlì ìyá mi, ìyá mi sì ń to aṣọ àwọn oníbàárà lé e lórí. Mo gbọ́ tó ń sọ fún ìyá mi pé ohun tí gbogbo ìlú fi ń ṣe yẹ̀yẹ́, òun kò ní gbé e síwájú ìyá òun. Ẹni tó tìtorí rẹ̀ kọ ọ́ kò mọ̀wé kà, kò sì tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀.

Ọjọ́ Ìsinmi kan, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, lẹ́yìn iyán, gbogbo wa wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìyá Àgbà ń bó ẹ̀gúsí sínú igbá. Ìyá mi ń fi òwú sí abẹ́rẹ́. Bàbá mi ń fi bírò pupa máàkì iṣẹ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ìyá Àgbà ní, “Àjọkẹ́, ùwé tí bàbá rẹ kọ, ṣé ó ṣì wà nínú ulé?”

Bírò bàbá mi dúró.

“Ó wà, mà,” mo ní.

“Gbé e wá, kà á fún mi. Gbogbo ulú ti gbọ́ ọ, èmi nìkan ló kù.”

“Sọ fún Màmá pé kò dára,” bàbá mi wí. “Sọ fún un pé wọ́n ti bà á jẹ́ ní ilé ìtẹ̀wé.”

Mo yíjú sí i. “Bàbá mi ní—”

“Mo gbọ́ ọ. Kà á.”

Mo kó aṣọ kúrò lórí páálí, mo mú ọ̀kan jáde, mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí: mo mọ̀wé kà dáadáa, bàbá mi ló sì kọ́ mi. Ìlànà kan ló fi lé mi lọ́wọ́, pé àmì tí mo bá rí ni kí n kà, kí n má ka èyí tó wà lọ́kàn mi. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń ka ohun gbogbo, bẹ́ẹ̀ náà ni mo sì ka èyí.

“Ẹkún ti wọ ìlú,” mo kà. “Kò sí ẹni tó rí i nígbà tó wọlé. Ó gba ẹ̀yìn àpáta wá, ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì ju ti ewé lọ.”

Bàbá mi gbé ọwọ́ sókè. “Re dò, Tọ́pẹ́. Ẹkùn.”

“Àjọkẹ́, sọ fún bàbá rẹ kó fi ọ́ sílẹ̀,” Ìyá Àgbà wí. “Ohun tí o ń kà yé mi.”

Mo bá ń kà á lọ. Mo kà pé ẹkún kì í pariwo kó tó mú ènìyàn. Mo kà pé ilé tí ẹkún bá ti wọ̀, àwọn ará ibẹ̀ kì í sùn tán, wọ́n á máa fi etí kan sílẹ̀. Mo kà pé àwọn ọkùnrin ìlú gbé ìbọn, wọ́n gbé àdá, wọ́n lọ dúró de ẹkún lẹ́yìn àpáta, kò sì jọ pé ìbọn lè ṣe é ní nǹkan kan. Ìyá Àgbà ń bó ẹ̀gúsí, ó ń mi orí. “Urọ́ kọ́,” ó ní. Nígbà tí mo dé ibi tí ilẹ̀ ti mọ́ tí wọ́n ń gún iyán, ojú bàbá mi tì í, ó ní kí n fo ibẹ̀. Ìyá Àgbà kò gbà. Ó fẹ́ gbọ́ irú iṣu tí wọ́n fi gún un. Ó ní, “Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń rí. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ẹkún wà lẹ́yìn ulé, uyán ṣì wà nínú odó, a ó jẹun.” Ìyá mi ti fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀ ní tirẹ̀. Èmi kò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, mo kàn mọ̀ pé ìwé tí gbogbo ìlú fi rẹ́rìn-ín, ẹnìkan kò rẹ́rìn-ín sí i lọ́dọ̀ wa, mo sì ń gbé ohùn mi sókè.

Mo wá dé ibi àwọn ọmọ méjì. “Ẹkún yọ sí wọn láàárín igi kòkó. Ẹ̀gbọ́n ní kí àbúrò sá. Àbúrò sá. Ó ń sáré nínú igbó, ẹkún ń lé e bọ̀, kò wẹ̀yìn, títí ó fi dé ẹnu ọ̀nà ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ kò bi í ní nǹkan kan. Nígbà tó ṣe, ilẹ̀ mọ́.”

Ọwọ́ Ìyá Àgbà dúró nínú igbá. Ó pe orúkọ bàbá mi: “Káyọ̀dé.”

Mo ń dúró kó sọ ohun tí n óò sọ fún un. Kò wo ọ̀dọ̀ mi rárá.

“Ṣé ẹ̀gbọ́n rẹ ló ní kí o sá?”

“Òun ni, Màmá. Ó tì mí. Ó ní n kò gbọdọ̀ wẹ̀yìn.” Ohùn rẹ̀ kò dà bí ti tíṣà mọ́. “Mo mọ̀ pé ẹ ti ń bi ara yín pé kí ló dé tí mi ò dúró.”

“Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ?”

Bàbá mi gbé bírò pupa sílẹ̀.

“Ọjọ́ tí o sáré wọ ulé,” Ìyá Àgbà wí, “kí n tó béèrè ẹ̀gbọ́n rẹ, mo fi ọwọ́ kan orí rẹ, mo fi kan apá rẹ, mo fi kan ẹsẹ̀ rẹ. Mo rí i pé o pé. Unú mi dùn. Ọmọ mi kan wà nínú ugbó, unú mi ń dùn. Ùwọ gbà pé mò ń bá ọ bínú. Kí ni mo fẹ́ bá ọ bínú sí? Tí mo bá ti wo ojú rẹ, ayọ̀ ọjọ́ náà ni mo ń rí, ojú Jídé á sì máa tì mí. Ìdí tí n kò fi lè bá ọ sọ̀rọ̀ nìyẹn.”

Bàbá mi dìde lórí àga. Mo rò pé ó fẹ́ jáde. Ó wá jókòó sílẹ̀ lórí ẹní, láàárín èèpo ẹ̀gúsí, òun tí kì í jẹ́ kí eruku kan ṣòkòtò rẹ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi. Ó na ọwọ́ láti gba ìwé náà lọ́wọ́ mi.

“Mọ́ kà á,” Ìyá Àgbà wí. “Sọ ọ́ fún mi.”

Ó sọ ọ́. Kò fi Yorùbá ilé ẹ̀kọ́ sọ ọ́, ohùn Ìkẹ́rẹ́ ló fi sọ ọ́, ugbó ló pè é, ugi ló pè é, bí ọmọdé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti oko dé. Ó sọ bí ẹyẹ ṣe dákẹ́. Ó sọ òórùn ẹranko náà, ó sọ ojú rẹ̀, ó sọ pé kò tóbi tó bí òun ṣe rò. Ó sọ bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe dúró sáàárín òun àti ẹranko náà pẹ̀lú àdá. Ìyá Àgbà kò jẹ́ kó sáré kọjá ibì kankan. Ó ń bi í: apá ibo ló ti yọ? Aṣọ wo ló wà lọ́rùn Jídé? Ṣé ẹ̀rù ń bà á? Bàbá mi ń dá a lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń wo ojú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Ìyá Àgbà bi í bóyá ebi ń pa Jídé.

“Rárá, Màmá. A ti sun uṣu jẹ. Èyí tó jinná jù ló fún mi, ó jẹ ìyókù, ó yó.”

Nígbà tí Ìyá Àgbà gbọ́ pé Jídé ti jẹun, ó fi etí ìró rẹ̀ bo ojú, ó bú sẹ́kún, bàbá mi sì dì í mú.